Mo wọ ilé bàbá àgbà yín

Iléṣà,
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn òjò.

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù Manchester ńkọ́? Tèmi kò burú, àfi ọwọ́ òsì tó ń yún mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Werepe ni. Ìwọ lo sì fà á, torí ìwọ lo ní kí n bá ọ lọ wo ilé náà kó o tó fọwọ́ sí ìwé tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ fi ránṣẹ́. Mo ti lọ. Mo tilẹ̀ wọlé. Èmi tí mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, mo gba ojú fèrèsé wọ ilé onílé bí olè.

Ṣé o rántí iwájú ilé níbi tí a ti máa ń fò ten-ten, tí ìyá àgbà yín á máa fi ìgbálẹ̀ lé wa? Igbó ti gbà á. Ewé Akíntọ́lá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní Awólọ́wọ̀. Ó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí bàbá ẹni ṣe. Ejìnrìn ti fà gun òpó méjèèjì dé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Pèrègún ààlà nìkan ló dúró síbi tí wọ́n gbìn ín sí. Mo mú ọmọkùnrin kan tó máa ń bá wa ro ẹ̀yìnkùlé dání. Ó ń fi àdá ṣán ọ̀nà níwájú, mò ń tẹ̀ lé e, kò sì sọ fún mi pé werepe wà lára ògiri tí mo fẹ́ gbára lé. Ó lóun rò pé tísà mọ gbogbo ewé. Mo ti fi epo pupa para, kò tíì lọ tán.

Kìnnìún méjì tó wà lórí òpó géètì, ọ̀kan kò lórí mọ́. Èkejì ṣì la ẹnu sílẹ̀ bíi tijọ́, agbọ́n sì ti kọ́lé sí i lẹ́nu. Ìyẹn ni kò jẹ́ ká gba iwájú wọlé.

Lókè fèrèsé àárín, 1951 tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ̀ síbẹ̀ ṣì hàn kedere, pẹ̀lú òdòdó tó yí i ká. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, mo rò pé bàbá àgbà yín ló ronú kan òdòdó yẹn fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ Àgùdà ni. Àwọn tó ti ilẹ̀ Brazil padà sí Èkó ló mú un dé, ọwọ́ wọn náà ló sì wà nínú mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Lára wọn ni àwọn bíríkìlà ilẹ̀ wa ti kọ́ ọ, wọ́n sì gbé e kiri ilú òkè, sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá ti rówó kòkó tàbí owó aṣọ. Bàbá àgbà yín tí kò mọ ibi tí Brazil wà, ilé Brazil ló kọ́ sí Iléṣà.

Òórùn àdán ló kọ́kọ́ pàdé wa nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òkùnkùn ni mo retí, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ń wọlé láti ọ̀ọ́kán, lókè àtẹ̀gùn, níbi tí kò yẹ kí ìmọ́lẹ̀ ti wá. Àṣàkẹ́, ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ gan-an.

Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ní ilé náà ti gbó, pé ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Irọ́ ni. Yàrá mẹ́ta apá òsì, tí páànù ṣì bò, ògiri wọn gbẹ táútáú. Mo fi ìka họ ọ́, kò ta pútú. Amọ̀ ni o, láti ìsàlẹ̀ dókè. Ìpele ìpele ni wọ́n ń mọ irú ògiri bẹ́ẹ̀: wọ́n á jẹ́ kí ìpele kan gbẹ dáadáa kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, ìgbà tó bá parí ni wọ́n á wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú. Bí omi kò bá kàn án, ọmọ ọmọ wa á bá a níbẹ̀. Apá ọ̀tún ni ọ̀ràn wà. Páànù kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ ṣí lókè àtẹ̀gùn. Òjò ń gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sáàárín amọ̀ àti sìmẹ́ńtì. Sìmẹ́ńtì dá dúró bí èèpo ẹyin, amọ̀ inú rẹ̀ di ẹrẹ̀, ó ṣàn lọ. Igi òrùlé tó ń mumi níbẹ̀ jẹrà, páànù kejì tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, ẹnìkan tí a kò mọ̀ wá yọ mẹ́ta mìíràn lọ. Ẹyẹ ṣu èso ọ̀dán sínú ihò náà. Igi ọ̀dán yẹn ti tó òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì báyìí, gbòǹgbò rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri bí okùn tí wọ́n fi di ẹrù. Bíríkìlà tí mo pè wá wò ó títí, ó ní bí a bá gé e, ògiri á wó. Bí a bá fi í sílẹ̀, á la ògiri náà sí méjì nígbà tó bá wù ú.

Mo mọ ìgbà tí páànù àkọ́kọ́ yẹn ṣí. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ọdún tí ìjà ìdí igi àti orí-ò-jorí bẹ̀rẹ̀ nínú ẹbí yín ni. Ìyàálé bí ọ̀kan, ìyàwó kejì bí mẹ́ta, ìyàwó kékeré bí mẹ́jọ. Ọmọ kan ṣoṣo náà ní ìdí igi ni kí wọ́n fi pín in, ìpín kan fún ìyàwó kọ̀ọ̀kan, kí ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ tòun. Àwọn mẹ́jọ ní rárá, orí-ò-jorí ni, ìpín kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti Èkó dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì ní àṣà ìdí igi ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń jà sí ilé, kò sẹ́ni tó ra páànù kan. Kì í ṣe ahun. Ẹ̀rù ni. Ẹni tó bá gbé àkàbà lé ilé yẹn, àwọn yòókù á ní ó ti fẹ́ sọ ọ́ di tirẹ̀. Bàbá rẹ fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ létí mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìjọba tàn ọ́, pé wọ́n á wá kọ ọ́ sínú ìwé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ilojo Bar tó wà ní Tinúbú l'Ékòó, láti 1855 ni wọ́n ti kọ́ ọ, 1956 ni wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé yẹn, wọ́n sì wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016.

A kò lè gun òkè. Àtẹ̀gùn ti já láàárín. Láti ìsàlẹ̀, mo rí ilẹ̀kùn yàrá ìyá àgbà yín, ọ̀dà búlúù rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, àgádágodo ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ta ló ń ti yàrá tí kò ní òrùlé?

Yàrá tí bàbá àgbà ń kó aṣọ sí ni mo wọ̀ gbẹ̀yìn. O mọ̀ pé òṣómàáló gidi ni: á tà láwìn, bí oṣù bá pé tí onígbèsè kò san, á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò ní jókòó, kò ní dìde, àfi tówó bá dé. Wọ́n máa ń sọ pé kò mọ̀wé, pé inú orí ló ń kó ìṣirò sí. Àṣàkẹ́, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń kó o sí. Ìlà funfun ni láti òkè délẹ̀. Mo ti fi ọdún 32 kọ̀wé sójú pátákó, mo mọ ṣọ́ọ̀kì. Èyí kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì, ẹfun ni. Níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ya àwòrán ẹni tó jẹ ẹ́. Ìlù dùndún ni ti onílù. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ti awakọ̀. Ẹja ni ti alẹ́ja. Ẹni tó bá ti san, wọ́n á fa ìlà gbọọrọ kan dábùú gbogbo tirẹ̀. Yàrá yẹn wà lára mẹ́ta tó gbẹ, ìyẹn ni kò jẹ́ kó pa rẹ́.

Nísàlẹ̀ pátápátá, ìkòkò kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìlà 14. Kò sí ìlà ìdábùú.

Jọ̀wọ́, ta ló ń ta ìkòkò ládùúgbò yẹn? Ìyá ìyá mi nìkan ni, òun ló ń lọ kó o ní Ìpetumodù wá sí ọjà Àtàkúmọ̀sà. Ìlà kan jẹ́ ṣílè kan ni àbí ọ̀pá aṣọ kan, kò sẹ́ni tó kù tó lè sọ fún mi. Mo wá rántí pé màmá yẹn kì í gba iwájú ilé yín kọjá láyé. Ẹ̀yìn kànga ló máa ń gbà, pẹ̀lú ẹrù lórí. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kìnnìún sìmẹ́ńtì ló ń bà á lẹ́rù! Mo rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn títí ọmọkùnrin náà fi ní ká jáde.

Ní ti ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ, ẹni tó fẹ́ rà á fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, owó rẹ̀ kò sì kéré. Bó bá wù ọ́, fọwọ́ sí i. Má kàn fọwọ́ sí i torí wọ́n ní ilé ti kú.

Mo ra páànù mẹ́rin lánàá. Káfíńtà kò lè kàn án síbi tí ọ̀dán wà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kàn án sí, kí omi má baà dé yàrá mẹ́ta tó kù. Òjò rọ̀ mọ́jú. Mo lọ wò ó láàárọ̀ yìí, inú ilé gbẹ. Má fi owó kankan ránṣẹ́ sí mi. Yọ páànù mẹ́rin nínú 14, ó ku mẹ́wàá. Bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ bá sì pè ọ́ láti béèrè ẹni tó gun orí ilé bàbá wọn, sọ fún wọn pé onígbèsè ni.

Èmi ni,
Àbẹ̀ní