Kì í ṣe kádàrá ló gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ Van Basten

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa Marco van Basten, ọmọ Nẹ́dálándì tó gbá iwájú fún Ajax àti AC Milan, inú mi sì dùn pé ẹnìkan ṣì rántí rẹ̀ lásìkò tí àwọn ọ̀dọ́ ilé ìwòran ń ṣe bí ẹni pé ọjọ́ tí wọ́n bí Messi ni wọ́n dá bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà níbẹ̀ tí n kò lè gbà: pé góòlù kan ṣoṣo ló sọ ọkùnrin náà di ẹni ńlá, àti pé kádàrá ló gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ti góòlù kan yẹn kò ní gba àkókò. Góòlù ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 1988 ní Munich, nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Yúróòpù láàárín Nẹ́dálándì àti Sófíẹ̀tì, rẹwà lóòótọ́. Arnold Mühren gbé bọ́ọ̀lù gíga wá láti apá òsì, Van Basten wà lápá ọ̀tún níbi tí ojú ilé ti há gan-an, kò sì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà kanlẹ̀ tó fi gbá a kọjá lórí Rinat Dasayev, aṣọ́lé Sófíẹ̀tì tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà ló gbá èyí tó lé Ìwọ̀ Oòrùn Jámánì kúrò nínú ìdíje ní Hamburg, nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì péré, bẹ́ẹ̀ ni ní ọjọ́ 15 oṣù náà ó ti gbá mẹ́ta wọlé Ẹ̀ńgílándì ní Düsseldorf. Orí bẹ́ǹṣì ni ẹni tí à ń wí yìí sì ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje ọ̀hún. Ní Ajax, ọdún mẹ́rin léra wọn, láti 1984 títí dé 1987, kò sẹ́ni tó gbá góòlù tó o nínú líìgì Nẹ́dálándì. Ní sáà 1985 sí 1986, góòlù 37 ló gbá nínú ìdíje 26. Bí ẹ bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, 128 ni nínú ìdíje líìgì 133. Ẹni tí góòlù kan ṣoṣo sọ di olókìkí kì í gba Ballon d'Or, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ́dún, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀rọ̀ kádàrá ló mú mi gbé kálámù. Ọmọ ọdún 28 ni Van Basten nígbà tó gbá ìdíje rẹ̀ ìkẹyìn. Nígbà tí Messi gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní ọdún 2022, ó ti pé ọmọ ọdún 35. Ọdún méje yẹn kò déédéé sọnù: ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bàjẹ́ ló gbà á.

N kò ní fi èyí tó ta ko èmi fúnra mi pamọ́: kò sẹ́ni tó gbá a nígbà àkọ́kọ́ tí ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló já lu ẹlòmíràn nínú ìdíje Ajax pẹ̀lú Groningen ní oṣù Kejìlá ọdún 1986. Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo ń bá jà. Ọrùn-ẹsẹ̀ tí kò tíì san ni wọ́n jẹ́ kó fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ títí dé Athens ní oṣù Karùn-ún ọdún 1987, níbi tó ti fi orí kan góòlù kan ṣoṣo tí Ajax fi na Lokomotive Leipzig tí wọ́n sì gba ife. Nígbà tó dé Milan, ìdíje líìgì 11 péré ló rí gbá ní sáà àkọ́kọ́, torí iṣẹ́ abẹ ló gba ìyókù.

Ẹ sì wo irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá ní Ítálì nígbà náà. Agbábọ́ọ̀lù iwájú á kẹ̀yìn sílé kó tó gba bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á sì gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wá láti ẹ̀yìn. Bí rẹfirí bá tilẹ̀ fọn fèrè, fíríkíìkì ni, bó pọ̀ jù, káàdì yẹ́lò. Van Basten ga tó mítà kan ó lé 88 sẹ̀ǹtímítà, síbẹ̀ bí ẹni kúkurú ló ń fi ẹsẹ̀ yí bọ́ọ̀lù, èyí sì fi ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ síta fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ já a. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, góòlù 25 ló gbá ní sáà 1991 sí 1992, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò na Milan nínú líìgì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1992 ó gbá mẹ́rin wọlé Göteborg, ẹgbẹ́ Sweden, ní alẹ́ ọjọ́ kan. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, ó ti tún wà lórí ibùsùn iṣẹ́ abẹ.

Pápá Munich tó ti gbá góòlù 1988 náà ló ti gbá ìdíje ìkẹyìn, ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 1993, nínú àṣekágbá Champions League tí Marseille na Milan 1–0. Wọ́n yọ ọ́ kí eré tó parí, kò sì tún padà mọ́. Ọdún méjì gbáko ló fi ń wá ìwòsàn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1995, nígbà tí Ajax, pẹ̀lú Finidi àti Kanu tiwa, na Milan nínú àṣekágbá ife kan náà ní Vienna, ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ àti ẹgbẹ́ tó ṣì wà ló dojú kọ ara wọn, òun kò sì lè gbá fún ìkankan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ó rìn yí pápá San Siro ká láti dágbére, Capello tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá sì ń sunkún.

Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1994, FIFA pàṣẹ fún àwọn rẹfirí pé kí wọ́n fi káàdì pupa lé ẹni tó bá já èèyàn lẹ́sẹ̀ láti ẹ̀yìn, nígbà tó sì di 1998 wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin. Van Basten kò sí lórí pápá mọ́ nígbà méjèèjì. Ohun tí ìlà kan nínú ìwé òfin lè dá dúró, n kò mọ bí a ṣe ń pè é ní kádàrá. Mo bẹ òǹkọ̀wé yín, bó bá tún máa kọ nípa rẹ̀, kó pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́, kó fi ọdún 1994 sí ipò rẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín láti Ìbàdàn.