Lẹ́tà sí Bọ́sẹ̀ ní Leeds

Bọ́sẹ̀ mi,

O kú ewu ọmọ o, kú ìtọ́jú, kú òtútù. Mo gbọ́ voice note ẹ yẹn lóru, mo tún un gbọ́ láàárọ̀ kí n tó lọ sọ́jà, mi ò fèsì torí mi ò fẹ́ kó jẹ́ "pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á ṣe é" nìkan ni màá fi ránṣẹ́. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, ó máa gùn díẹ̀, bí ọmọ bá ń mu ọmú kó o máa kà á.

O ní gbogbo ayé ń kí ẹ kú oríire, ìwọ ń sunkún nínú bálùwẹ̀. O ní ọmọ ń ṣe dáadáa, ọkọ ẹ ò ṣe ẹ́ níkà, kí lo wá ń sunkún sí, ṣebí àwọn kan ń wá èyí tó o rí yìí lójú méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa máa ń sọ fún ara wa nìyẹn, òun gan-an ló ń pa obìnrin lẹ́nu mọ́ nílẹ̀ wa. Ọmọ laṣọ, ọmọ ladé, kí ẹni tó bí i wọ́ọ́rọ́wọ́ wá ní inú òun ò dùn, aláìmoore ni wọ́n máa pè é, tàbí kí wọ́n ní ó ń fẹnu ara ẹ̀ pe ibi wọlé.

Ṣé o rántí àbúrò mi tó wà l'Óṣogbo? Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí àkọ́bí ẹ̀. Látìgbà tó ti lóyún ni wọ́n ti ń gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì pé bíi tàwọn obìnrin Hébérù ni yóò bí, kí nọ́ọ̀sì tó dé lọmọ á ti jáde, nígbà tó wá di pé wọ́n gbé e wọ tíátà, ojú tì í. Ìyá ọkọ ẹ̀ ò bú u o, mi ò ní purọ́ mọ́ màmá, àmọ́ gbogbo ẹni tó bá ti wá kí wọn ló máa ń sọ fún pé "wọ́n là á ni o," kó tó wá sọ pé ọkùnrin ni àbí obìnrin.

Tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́ ni màmá ń wẹ ọmọ. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ lé e, á fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, á fi òrí pa á lára, á na apá, á na ẹsẹ̀, á sọ ọ́ sókè, ọmọ á figbe ta, màmá á máa ki oríkì ẹ̀ lọ. Gbogbo ilé á pé lé ọmọ lórí. Àbúrò mi á wà nínú yàrá, ó dojú kọ ògiri. Ṣé wọn ò tọ́jú òun náà ni? Wọ́n tọ́jú ẹ̀! Ẹ̀kọ gbígbóná, ọbẹ̀ ẹja aláta, wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan omi tútù, wọn ò jẹ́ kó fọ aṣọ. Ara ẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú, kí omi ọmú lè wá. Ohun tó ń sọ fún wọn ni pé orí òun ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú orí òun, àyà òun ń já. Wọ́n fún un lóògùn ibà. Ibà ò lọ, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì, wòlíì ní ẹnì kan nínú ilé ọkọ ẹ̀ ni, ìjà mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ̀rọ̀ ti wá yé wa. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló bi í pé, "Ìyá ọmọ, bí ọmọ yìí bá sùn lóru, tí ilé pa lọ́lọ́, ṣé ìwọ náà máa ń sùn?" Kò bi í pé ṣé dáadáa ni o, torí ó mọ̀ pé "a dúpẹ́" ló máa gbọ́. Àbúrò mi bú sẹ́kún níwájú gbogbo àwọn ìyá ọlọ́mọ tó tò síbẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń mú ìyá lẹ́yìn ìbímọ ló ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì yẹn ló júwe dókítà fún wọn, oògùn tí wọ́n fún un ò sì dí fífún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́.

Kì í ṣòun nìkan. Àwọn dókítà kan ṣèwádìí láàárín àwọn abiyamọ nílùú Iléṣà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2005, lọ́sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ bíi 14 sí 15 nínú 100 ló ní ìrẹ̀wẹ̀sì yìí. Iléṣà o, níbi tí ìyá àti ìyá ọkọ wà nítòsí, kì í ṣe London. Àwọn tó sì máa ń mú jù ni àwọn tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí, àwọn tọ́mọ wọn ò pé oṣù, àwọn tí ò lọ́kọ, àtàwọn tó bí obìnrin. Mo mọ̀ pé o máa mí kanlẹ̀ síbi obìnrin yẹn, ìwọ tí màmá ọkọ ẹ, Bàbá Dàmi, ń fi "Ọlọ́run á fi ọkùnrin tẹ̀lé e" ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp láràárọ̀. Àdúrà ni lójú tiwọn, àmọ́ ọmọ tó wà lọ́wọ́ ẹ ńkọ́?

Tìẹ tún yàtọ̀, torí wọn ò fún màmá ẹ ní físà. Gbogbo òfin ogójì ọjọ́ wà lọ́rùn ẹ, àwọn èèyàn tó yẹ kó bá ẹ ṣe é ò sí. Màmá ní kó o fi omi gbígbóná tẹ ikùn, ìwọ nìkan dá a ṣe, omi bó ẹ lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, fi omi yẹn sílẹ̀. Lójú tèmi kì í ṣe omi ló ń ṣiṣẹ́ nínú ìwẹ̀ yẹn látilẹ̀, pé ẹlòmíì wà nílé ni, tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ kó o lè sùn. Ìyẹn ni kó o wá, kódà kó jẹ́ Bàbá Dàmi ló máa ṣe é. Bí ìyá ẹ̀ bá gbọ́ pé ó ń wẹ ọmọ, kí wọ́n gbọ́.

Ìwé ìbéèrè mẹ́wàá tí health visitor, nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ìyá àti ọmọ nílé, fún ẹ tó o fi àmì "dáadáa" sí gbogbo ẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Èyí tí wọ́n ń pè ní ti Edinburgh ni, òun ni wọ́n fi ń mọ ìyá tí ìrẹ̀wẹ̀sì yìí ń ṣe, 1987 ni wọ́n gbé e jáde, John Cox, dókítà ọpọlọ tó wà lára àwọn tó ṣe é, ti bá àwọn abiyamọ Uganda ṣiṣẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn, torí náà má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ìwọ dá a lóhùn bí ẹni tí wọ́n kí lójú ọ̀nà. Ìkẹwàá, ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá èrò àtiṣe ara ẹ léṣe ti wá sí ẹ lọ́kàn, mo mọ̀ pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" lo fi dáhùn ẹ̀ nínú ẹ, a kì í fẹnu sọ irú ẹ̀. Padà lọ bá obìnrin yẹn, kó o sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín pé wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ, wọn kì í torí pé ìyá ń sunkún gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń wá fún un.

Ẹkún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ìyá ló ń sun ún, kì í kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Tìẹ ti kọjá ẹ̀. Kì í ṣe abísínwín o, fọkàn balẹ̀, ẹni tíyẹn bá ń ṣe, oorun á dá lójú ẹ̀ pátápátá, á máa gbóhùn, á máa rí ohun tẹ́lòmíì ò rí, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni. Àmọ́ bó o bá rí irú ẹ̀ lára ẹ pẹ́nrẹ́n, tàbí tí èrò ìkẹwàá yẹn bá dé, jí Bàbá Dàmi lóru, kẹ́ ẹ máa lọ.

Àbúrò mi ti bí èkejì báyìí, ó ní kí n fún ẹ ní nọ́ńbà òun, òru lòun náà máa ń wà lójúfò torí ọmọ, kó o pè é nígbàkigbà, ẹ ò ní láti parọ́ fúnra yín. Mo ti fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́. Jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tí GP, dókítà àdúgbò yín, bá fún ẹ.

Èmi ni,
Yétúndé