Ṣé o ti fọwọ́ sí i?

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ìgbà mẹ́fà ni mo pè ẹ́ láti àná. Ó ń dún, o ò gbé e. Àbúrò ẹ ló ta á sí mi létí pé ọ̀rẹ́ ẹ fẹ́ yá owó ní báńkì, pé ìwọ àti ẹnì kan lẹ fẹ́ ṣe onídùúró. Ṣé o ti fọwọ́ sí i? Bí o ò bá tíì fọwọ́ sí i, jọ̀ọ́, dúró ná.

Ara wa le. Òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tún ti ń jò, ìyá ẹ gbé bokíti sábẹ́ ẹ̀.

Wo ìwé yẹn dáadáa, bóyá wọ́n kọ "jointly and severally" síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìwé tí o kà ju tèmi lọ, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á rò pé "severally" ò ju "ọ̀pọ̀" lọ, pé ẹ jọ máa gbé e ni. Rárá o. Lẹ́nu lọ́yà, ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Báńkì lè fi ẹnì kejì sílẹ̀ kó wá ká ìwọ nìkan mọ́lé, kó gba gbogbo owó náà pátá lọ́wọ́ ẹ. Ìwọ lo máa wá lọ máa wá àwọn yòókù kiri. Bí o bá tún rí "continuing guarantee", kì í ṣe owó tó ń yá lónìí nìkan. Èyí tó bá tún yá lọ́la náà lè di ẹrù ẹ.

Ṣé o ti fọwọ́ sí i? Mi ò ní kí o má ran ọ̀rẹ́ ẹ lọ́wọ́. Inú rere yẹn, ọ̀dọ̀ ìyá ẹ lo ti mú un. Oríkunkun yẹn, tèmi ni, mo gbà.

Ọdún tí o fi jókòó sílé lẹ́yìn ilé ìwé gírámà, mo ní ibi iṣẹ́ ò san owó oṣù wa. O tiẹ̀ bá mi bú ọ̀gá wa nígbà yẹn. Irọ́ ni mo pa. Àwa mẹ́ta la dúró fún ọ̀rẹ́ mi kan. Ẹ̀yìn àpò lẹ́tà ni mo ti pín gbèsè náà sí mẹ́ta, mo fa ìlà sábẹ́ ìdá kan tèmi, mo ní apá mi á ká a. Ọ̀rẹ́ mi sá lọ, ọ̀kan nínú wa kú, èkejì ò ní nǹkan kan. Èmi ni wọ́n rí mú. Mo sáré tọ lọ́yà lọ, mo ní mi ò ka ìwé náà kí n tó fọwọ́ sí i. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́dún 1934, ohun tí obìnrin kan sọ nílé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, lórí ẹ̀rọ tó ń ta sìgá tó rà tí kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹnikẹ́ni ò tàn án jẹ, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi sí i. Ilé ẹjọ́ ní ó ti dè é. Owó ilé ìwé ẹ ni mo fi san án. Ìyá ẹ ò mọ̀ dòní.

Má sọ fún un. Tàbí kí o sọ, ó ti rẹ̀ mí.

Ya fọ́tò ìwé náà sí mi, gbogbo ojú ewé, àti ẹ̀yìn ẹ̀. Bí o bá sì ti fọwọ́ sí i, mi ò ní bú ẹ. Ṣáà gbé fóònù.

Bàbá ẹ