Ẹ Gbé Kámẹ́rà Wọ Yàrá Ìgbìmọ̀ Tẹ́ẹ́kótó

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ní ọjọ́ tí gómìnà bá ń gbé àbá ìṣúná lọ sí Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkìtì wa, kámẹ́rà kì í wọ́n níbẹ̀. A ó rí i bí ó ṣe ń wọlé, a ó rí ọ̀pá àṣẹ lórí tábìlì, a ó rí ìwé ńlá tí wọ́n fi lé Abẹnugan lọ́wọ́, àtẹ́wọ́ á sì gba gbogbo yàrá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ó tún rí i tí ó ń bu ọwọ́ lù ú. Àárín ọjọ́ méjèèjì yẹn ni iṣẹ́ gan-an wà, ibẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n kì í sì í sábà dé. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyí: kí kámẹ́rà wọ yàrá àwọn ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó.

Ẹ wo ọ̀nà tí àbá ìṣúná ń tọ̀. Abala 121 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ló ní kí gómìnà gbé e wá síwájú Ilé. Kíkà àkọ́kọ́ kì í ju kíka àkọlé rẹ̀ lọ. Ní kíkà kejì, àwọn ọmọ Ilé á sọ èrò wọn lórí rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n á tó pín in fún àwọn ìgbìmọ̀: ti ẹ̀kọ́, ti ìlera, ti iṣẹ́ òde, ti ọ̀gbìn. Iwájú àwọn wọ̀nyí ni kọmíṣánnà, akọ̀wé àgbà àti akáńtáǹtì ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń jókòó, tí wọ́n á sì bi wọ́n pé: èló ni wọ́n fọwọ́ sí fún yín lọ́dún tó kọjá? Èló ló tẹ̀ yín lọ́wọ́? Kí lẹ fi ṣe? Kí ló dé tí iṣẹ́ kan náà tún fi wà nínú ìwé tọdún yìí? Owó orí ìwé àti owó tí wọ́n tú sílẹ̀ kì í sábà dọ́gba, yàrá yìí sì ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ bá fi máa jábọ̀ fún Ilé, gbogbo atótónu yẹn á ti di ìlà méjì nínú ìwé. Ẹni tó bá wo kíkà kẹta nìkan, níbi tí "bẹ́ẹ̀ ni" ti borí "rárá" tí òòlù sì dún, kò tíì rí nǹkan kan.

Bákan náà ni ti àyẹ̀wò owó ìjọba. Abala 125 sọ pé kí Ọ̀gá Àgbà Ayẹ̀wé-Owó-Wò gbé ìjábọ̀ rẹ̀ wá fún Ilé láàárín 90 ọjọ́ tó bá gba ìwé ìṣirò owó lọ́wọ́ Akáńtáǹtì Àgbà, kí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó ìlú sì yẹ̀ ẹ́ wò. Tí wọ́n bá ní kí n mú ìjókòó kan ṣoṣo láàárín ọdún tí ó yẹ kó jáde lójú ẹsẹ̀ láìgé nǹkan kan kúrò, èyí ni n ó mú, kì í ṣe ọjọ́ àtẹ́wọ́.

Àwọn kan á ní owó kò sí. Yàrá ìgbìmọ̀ kò nílò ọkọ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ńlá. Kámẹ́rà mẹ́ta tó: ọ̀kan fún alága, ọ̀kan fún àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, ọ̀kan fún ẹni tó wá jẹ́jọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n gbé e sí ibi tí ojú ẹni tó jókòó wà, kó má ṣe máa wo orí wọn láti òkè. Iná mànàmáná wa jẹ́ 50 Hz; bí wọ́n bá fi shutter, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń lajú fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí 1/60 sẹ́kọ́ńdì, gílóòbù á máa ṣẹ́jú nínú àwòrán. 1/50 ni kó wà.

Ohùn ló tètè ń ba ètò báyìí jẹ́. Ènìyàn lè fara da àwòrán tó ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò já gaara, kíá ni wọ́n á ti yí i sí ibòmíràn. Ohun tó ń fà á ni pé oníkámẹ́rà á dúró sẹ́yìn yàrá, máìkì orí kámẹ́rà ló sì máa fi gba ohùn. Máìkì yẹn jìnnà sí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó sì sún mọ́ fáànù. Fáànù la ó gbọ́. Ilẹ̀ onítáìlì àti ògiri tí kò ní kọ́tìnnì á tún máa dá ohùn padà. Kí wọ́n fa wáyà láti inú mísà tó ń darí àwọn máìkì yàrá náà wá sínú kámẹ́rà, kí wọ́n sì yí bọ́tìnì ìgbohùn kámẹ́rà sí "line". Bó bá wà lórí "mic", ohùn á le jù, á sì máa fọ́. Kí máìkì wà ní nǹkan bí 15 sí 20 sẹ̀ntímítà sí ẹnu, kí ẹni tó wà nídìí mísà sì máa ṣí ti ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ nìkan. Ohun kan tún wà tí wọ́n sábà máa ń gbójú fò: àwòrán tó gba inú ẹ̀rọ tó ń pa kámẹ́rà pọ̀ kọjá máa ń pẹ́ ju ohùn lọ ní fírémù (àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú fídíò) méjì tàbí mẹ́ta. Ní fírémù 25 fún sẹ́kọ́ńdì kan, ìyẹn jẹ́ 80 sí 120 mílísẹ́kọ́ńdì, ó sì tó kí ètè àti ọ̀rọ̀ má bára mu mọ́. Kí wọ́n dá ohùn dúró níwọ̀n bẹ́ẹ̀ kó tó jáde.

Fún orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán 720p (èyí tó mọ́ níwọ̀nba) ń fẹ́ ìlà tó yára tó nǹkan bí 4 Mbps, ìyẹn mẹ́gábíìtì mẹ́rin ní sẹ́kọ́ńdì kan, láti fi gbé e jáde. Kí ìlà tí wọ́n ń lò lè gbé ìlọ́po méjì rẹ̀, kí káàdì nẹ́tíwọ́kì mìíràn sì wà ní sẹpẹ́. Ìjókòó wákàtí mẹ́ta á jẹ dátà tó 5.4 gígábáìtì, kí wọ́n rà á sílẹ̀ ṣáájú, kó má baà tán lẹ́nu ìbéèrè tó ṣe kókó jù. Ti iná ńkọ́? Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ lè gbéra láàárín ìdajì ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán lọ á ti kú, ìgbà tó bá fi máa tún sopọ̀, ìṣẹ́jú mélòó kan á ti lọ. UPS kékeré kan (ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń gba iná dúró bí iná bá lọ) fún mísà, ẹ̀rọ náà àti módẹ́ẹ̀mù yanjú èyí. Kí wọ́n má ṣe so tẹlifíṣọ̀n yàrá mọ́ ọn, á fa bátìrì rẹ̀ gbẹ.

Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹkùn ìdìbò rẹ̀, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń yẹ̀ wò àti iye owó tó wà lórí tábìlì ni kó máa wà níbẹ̀, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí. Ẹni tó bá tan tẹlifíṣọ̀n ní ìdajì ìjókòó kò gbọ́dọ̀ máa bi ará ilé pé "kí ni wọ́n ń sọ?" Ibẹ̀ náà ni kí wọ́n ti máa sọ iṣẹ́ ẹni tó jẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ló ń bínú sí ìpínlẹ̀ lórí ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni. Ìlà kan lójú tẹlifíṣọ̀n tó láti fi ìbínú náà ránṣẹ́ síbi tó yẹ.

Èdè wá ńkọ́? Abala 97 ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ fi ṣe iṣẹ́, ó sì fi kún un pé Ilé lè pinnu láti lo èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀. Ilé Aṣòfin Èkó ti fi Yorùbá jíròrò. Kò sí ohun tó dí Èkìtì lọ́wọ́. Títí wọn á fi ṣe é, kí ẹnìkan tó mọ̀ nípa ìṣúná jókòó, kó máa ṣàlàyé ní Yorùbá nígbà tí ìgbìmọ̀ bá sinmi, kó má ṣe máa sọ̀rọ̀ lé ẹni tó ń jẹ́rìí lórí. Aago mẹ́wàá àárọ̀, oníṣu wà lóko, ìyá oníṣòwò wà ní Ọjà Ọba. Kí wọ́n tún gbé ìjókòó náà jáde ní alẹ́, kí rédíò sì gbé ohùn rẹ̀, torí rédíò oníbátìrì ń dé oko Ọ̀mùò àti Ẹfọ̀n tí iná kò dé. Kí gbogbo rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọjọ́, orúkọ ìgbìmọ̀ àti ìṣẹ́jú tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Fídíò wákàtí mẹ́ta tí kò ní àmì kankan, ta ló máa wá nǹkan nínú rẹ̀?

Ta ló máa darí kámẹ́rà? Ìbéèrè yìí ló nira jù. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n C-SPAN ti ń gbé ìjókòó Ilé Aṣojú jáde láti 1979, ṣùgbọ́n Ilé fúnra rẹ̀ ló ni kámẹ́rà, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan ló sì máa ń fi hàn níbẹ̀rẹ̀. Ní 1984, Tip O'Neill, Olórí Ilé náà, ní kí kámẹ́rà yí ká gbogbo yàrá, ìgbà náà ni àwọn tó ń wò ó rí i pé àga òfìfo ni àwọn kan ń fi ohùn rara bá sọ̀rọ̀. Ìjà ló dì. Nínú èrò tèmi, kí òfin Ilé ti sọ ọ́ sílẹ̀ pé kámẹ́rà á máa fi gbogbo yàrá hàn ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà ìdìbò àti ní ìparí. Ọmọ Ilé 26 la ní. Ìdá kan nínú mẹ́ta, ìyẹn mẹ́sàn-án, ló gbọ́dọ̀ jókòó kí Ilé tó lè ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí ojú tiwa náà lè kà wọ́n.

Kì í ṣe ohun àjèjì sí ilẹ̀ yìí. Ní 1953, wọn kò fún Awólọ́wọ̀ láàyè lórí rédíò ìjọba láti fèsì sí ọ̀rọ̀ tí Gómìnà Macpherson sọ sí i. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Èkìtì wà lábẹ́ rẹ̀, dá tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1959. Àríyànjiyàn lórí ètò ìlú wà lára ohun tó bí i.

Ẹ̀yin náà lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de kámẹ́rà. Ní ọjọọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa tẹ ọjọ́ àti aago tí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan máa jókòó, àti ilé iṣẹ́ tó máa wá síwájú wọn. Bí akọ̀wé Ilé kò bá fún yín, ẹ kọ̀wé béèrè lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti 2011, tó fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, Adó-Èkìtì.