Kí ẹ tó gba fèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ìsinmi gígùn ti ń kanlẹ̀kùn, àsìkò tí àwọn ẹgbẹ́ Sikáòtù máa ń kó ọmọ lọ sí káńpù. Àsìkò yìí náà ni ọ̀gá ilé-ìwé máa ń wo yàrá àwọn tíṣà yíká, tí yóò sì na ìka sí ẹni tó kéré jù níbẹ̀: "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ó máa bójú tó àwọn ọmọ Sikáòtù wa." Fèrè kan, sikáàfù kan, ó parí nìyẹn. Àwa tí a ń kọ́ àwọn àgbà tó yọ̀ọ̀da ara wọn fún iṣẹ́ yìí la kọ lẹ́tà yìí sí irú tíṣà bẹ́ẹ̀, àti sí òbí tí ọmọ rẹ̀ yóò sùn nínú àgọ́ lábẹ́ ìṣọ́ tíṣà náà.

Ohun tí aráàlú mọ̀ mọ Sikáòtù ni yíyan. Lọ́jọ́ 27 oṣù Karùn-ún àti lọ́jọ́ òmìnira, wọ́n á rí àwọn ọmọ nínú káakí tí wọ́n ń yan kọjá níwájú gómìnà, wọ́n á rí àwọn míì tó ń fi okùn dá èrò dúró. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n olùdarí tó bá rò pé ibẹ̀ niṣẹ́ òun parí sí lè lo ọdún mẹ́ta láìkọ́ ọmọ kan ní nǹkan tó lè fi yọ ara rẹ̀ nínú igbó. Nígbà tí Baden-Powell, ẹni tó dá Sikáòtù sílẹ̀, kó nǹkan bí 20 ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1907, ọ̀nà mẹ́rin ló pín wọn sí, ọmọ kan ló sì ń ṣe olórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Sikáòtù wọ Nàìjíríà ní 1915, ìpín yẹn ló bá a wọlé. Òun là ń pè ní pátiróòlù, òun sì ni àwọn olùdarí tuntun máa ń kọ́kọ́ gbé jù sílẹ̀.

Ọmọ 6 sí 8 ló ń wà nínú pátiróòlù kan. Bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ ọdún 14 tó jẹ́ olórí wọn kò ní lè mọ ibi tí gbogbo wọn wà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn olórí wọ̀nyí ni olùdarí ń kọ́. Kí ó pè wọ́n ní ìdajì wákàtí kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí ó fi ohun kan ṣoṣo hàn wọ́n títí yóò fi mọ́ wọn lọ́wọ́, kí àwọn náà lọ fi han àwọn ọmọ wọn. Yóò falẹ̀. Wọ́n á ṣì í kọ́ nígbà míì. Ibẹ̀ ni sùúrù ti máa ń tán, tí àgbà á gba okùn lọ́wọ́ ọmọ, á to ogójì ọmọ síwájú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ìlà iwájú nìkan ló ń rí ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tó tiẹ̀ ń rí i, òdìkejì ni wọ́n ń rí, torí pé ó kọjú sí wọn: ọ̀tún tirẹ̀ ni òsì tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní kókó títa, ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà ni kó jókòó sí, kí àwọn méjèèjì jọ kọjú síbì kan náà.

Ẹ wo ẹnubodè ọparun tí gbogbo káńpù máa ń fẹ́ kọ́. Ọ̀pá kan dúró, ọ̀kan dábùú rẹ̀. Kókó tí wọ́n ń pè ní clove hitch la fi ń bẹ̀rẹ̀, lára ọ̀pá tó dúró, lábẹ́ ibi tí ìdábùú máa jókòó sí. A ó wá yí okùn ká ọ̀pá méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹta, kí ìyípo kọ̀ọ̀kan sùn ti èkejì láìgun ara wọn. Lẹ́yìn náà la ó mú okùn gba àárín ọ̀pá méjèèjì, ká fi fún ìyípo àkọ́kọ́ lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì, ká fi gbogbo agbára fà á. Clove hitch míì lára ọ̀pá ìdábùú la fi ń parí. Fífún lọ́rùn yẹn ló di gbogbo rẹ̀ mú, òun náà sì ni ọ̀lẹ máa ń fò. Ẹnubodè tí wọn kò bá fún lọ́rùn yóò dúró dáadáa fún fọ́tò, ṣùgbọ́n bó bá dalẹ́ tí ọmọ mẹ́ta rọ̀ mọ́ ọn, ó di ilẹ̀. Ọparun pàápàá tún ní àrékérekè tirẹ̀. Ara rẹ̀ ń yọ̀, bí wọ́n bá sì gé e ní tútù, bó ṣe ń gbẹ ni yóò máa súnkì, okùn tó le pọnpọn lánàá á wá dẹ̀ lónìí. Láràárọ̀, kí olórí pátiróòlù fọwọ́ mi gbogbo ìdè kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ẹnubodè tó wó kọ́ ló ń ba káńpù jẹ́ jù. Àgbà kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo níbi tí ojú ẹlòmíràn kò tó. Pásítọ̀ kò yọ sílẹ̀ nínú èyí, àáfà kò yọ sílẹ̀, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń yìn kò yọ sílẹ̀. Bí ọmọ bá ní ọ̀rọ̀ àṣírí láti sọ, ẹ jọ jókòó sábẹ́ igi níbi tí àwọn yòókù ti ń rí yín tí wọn kò gbọ́ yín. Bó bá ku ọmọ kan tí òbí rẹ̀ kò tíì dé lẹ́yìn ìpàdé, àgbà méjì ni yóò dúró tì í. Ẹni tó ń fi mọ́tò gbé ọmọ lọ sílé kò gbọdọ̀ ṣètò rẹ̀ débi tí yóò fi ku òun àti ọmọ kan ṣoṣo nínú ọkọ̀. Àgbà kì í sùn nínú àgọ́ ọmọ, àgbà kì í wẹ̀ lásìkò tí ọmọ ń wẹ̀. Bí ọmọbìnrin bá wà nínú àwọn tó ń lọ, obìnrin tó jẹ́ olùdarí gbọ́dọ̀ sun ibẹ̀ mọ́jú; kò tó pé kó wá lọ́sàn-án kó sì padà sílé lálẹ́. Lórí WhatsApp, gúrúùpù tí òbí àti olùdarí kejì wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ sí. Olùdarí tó ń kọ "o ti sùn?" sí ọmọ ọdún 13 ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ má dúró dìgbà tí nǹkan yóò ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó dá a dúró.

Àwọn kan máa ń bínú sí ìlànà yìí, wọ́n á ní ṣé a fura sí àwọn ni. Ẹni tó ní èrò burúkú sí ọmọ, ibi tí wọn kì í ti í béèrè nǹkan lọ́wọ́ èèyàn ló máa ń wá lọ. Tíṣà tí kò ní èrò kankan lọ́kàn náà ni ìlànà yìí ń gbà sílẹ̀ bí ẹnu bá fẹ́ kàn án. Sikáòtù àgbáyé ní ẹ̀kọ́ fún un, Safe from Harm ni wọ́n ń pè é, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003 sì wà nílẹ̀. Kí wọ́n tó gba àgbà tuntun, kí wọ́n béèrè ibi tó ti bá ọmọdé ṣiṣẹ́ rí, kí wọ́n pe ibẹ̀ lórí fóònù, kí ó sì máa tẹ̀lé olùdarí àgbà fún oṣù bíi mẹ́ta kí wọ́n tó fi ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́.

Lílu ọmọ kò sí nínú iṣẹ́ yìí. Fífi ebi pa á kò sí níbẹ̀. Àṣà pé kí àwọn ọmọ àtijọ́ máa jí ọmọ tuntun lóru, kí wọ́n da omi tútù lé e lórí pé àwọn ń gbà á wọ ẹgbẹ́, kì í ṣe àṣà Sikáòtù rárá. Ìkà ni. Olùdarí tó bá ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀ ló ń jẹ́ kó máa tẹ̀síwájú.

Omi tútù yẹn gan-an lè gbé ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde dé ilé ìwòsàn. Òtútù, òjò tó pa á, òùngbẹ, àti eré àsápajúdé lè mú kí ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Èyí kò ní kí ọmọ SS má lọ sí káńpù. Kí omi mímu máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kí ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀, kí ó ní súwẹ́tà fún alẹ́, kí ó sinmi nígbà tó bá ní ó rẹ òun, kí oògùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ olùdarí pẹ̀lú orúkọ lára. Ọmọ tó ní ikọ́-fée, inú àpò ṣòkòtò rẹ̀ ni kí inhaler rẹ̀ máa wà. Báàgì tó wà nínú àgọ́ ti jìnnà jù. Fọ́ọ̀mù òbí ló yẹ kó sọ gbogbo èyí fún yín, ṣùgbọ́n òbí máa ń fi pamọ́ torí ẹ̀rù pé ẹ ò ní mú ọmọ òun lọ. Nítorí náà, ẹ pe òbí kọ̀ọ̀kan sápá kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ níkọ̀kọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì gba nọ́ńbà fóònù èèyàn méjì.

Àgbà mélòó ló yẹ kó tẹ̀ lé ọmọ jáde? Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùdarí ìrìn náà kò sí nínú kíkà: wọ́n á tún fi àgbà kan kún un fún ọmọ 8 nínú àwọn kéékèèké tí à ń pè ní Kọ́ọ̀bù, àti àgbà kan fún ọmọ 12 nínú àwọn tó dàgbà díẹ̀. Ìṣirò tó dáa ni, a lè fi wọn tiwa. Tíṣà kan pẹ̀lú ọmọ 35 nínú bọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ gbéra.

Ilẹ̀ káńpù, ẹ lọ wò ó ṣáájú, lẹ́yìn tí òjò bá rọ̀. Ibi tó tẹ́jú tó sì dùn ún wò lọ́sàn-án lè jẹ́ ojú àgbàrá lóru. Ẹ má pàgọ́ sábẹ́ igi àgbọn, ẹ má sì pa á sábẹ́ igi tí ẹ̀ka rẹ̀ ti kú. Kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tàbí odò tó mítà 30, kí ó sì wà ní ìsàlẹ̀ ibi tí omi wà, kí ìdọ̀tí má baà ṣàn bọ̀. Iyẹ̀pẹ̀ àti agolo ni kó wà lẹ́nu rẹ̀, kí ẹni tó bá ṣetán da díẹ̀ sí i. Ọṣẹ àti omi ni kó wà lójú ọ̀nà bí wọ́n bá ń padà bọ̀. Tí ẹ bá rí eṣinṣin lórí oúnjẹ ní káńpù, ẹ lọ wo ṣáláńgá kí ẹ tó bá àwọn tó ń dáná jà. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ṣe ọmọ, lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ojú ṣíbí tẹ́jú dáadáa, kó má ṣe ga. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu gan-an fún ọmọ, nítorí náà ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀.

Ẹ má fi bẹntiróòlù dáná láéláé, kódà bí igi bá tutù. Ẹ ro ilẹ̀ mítà mẹ́ta yí iná ká, kí garawa omi wà nítòsí. Kí ẹ tó sùn, ẹ da omi sí i, ẹ fi igi rú eérú rẹ̀, ẹ tún da omi sí i, títí tí ẹ ó fi lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Àdògán eléèédú kò gbọdọ̀ wọnú àgọ́ torí òtútù: afẹ́fẹ́ olóró rẹ̀ kò ní òórùn, ẹni tó ti sùn kò ní jí mọ̀. Bí ejò bá bu ọmọ jẹ, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ fi igi gbá ẹsẹ̀ náà mú kó má mì, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gbẹ́ ẹ lábẹ, ẹ má fi ẹnu fa á, ẹ má fi okùn dì í pinpin, ẹ má sì fi òkúta dúdú lé e. Ilé ìwòsàn tó ní oògùn aporó ejò lọ́wọ́, kí ẹ ti wá a kàn kí ẹ tó kúrò nílé. Òru kọ́ ni wọ́n ń wá irú rẹ̀.

Ní ti owó, kò gba àlàyé púpọ̀: rìsíìtì fún gbogbo kọ́bọ̀, àgbà méjì fọwọ́ sí i, kí òbí rí ìwé ìṣirò náà lẹ́yìn káńpù.

Ẹ̀kọ́ tó ń sọ àgbà di olùdarí wà. Wood Badge ni wọ́n ń pe èyí tó ga nínú rẹ̀, ní Gilwell Park nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1919, ìlẹ̀kẹ̀ igi méjì lórí okùn awọ ni àmì rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ìlẹ̀kẹ̀ yìí ṣe ọ̀ṣọ́, wọn kì í sì í padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Tíṣà tí kò tíì dé ibẹ̀ kò jẹ̀bi. Kó lọ sí ọ́fíìsì Sikáòtù ní ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ìpínlẹ̀ rẹ̀, kó béèrè fún ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀, kó sì sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé òun kò ní kó ọmọ lọ sùn níta títí òun yóò fi ṣe é. Ìpàdé ọ̀sán lórí pápá ilé-ìwé lè máa lọ ní tirẹ̀.

Bí wọ́n bá wá na fèrè sí yín lọ́la, ẹ béèrè orúkọ àgbà kejì kí ẹ tó gbà á.

Àwa olùkọ́ àwọn olùdarí Sikáòtù,
Ìbàdàn.