Ara agolo ni kí ẹ kọ orúkọ sí

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi èyí tó àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ ọwọ́ nílé létí. Ẹ má kọ orúkọ ohun tó wà nínú agolo sórí ọmọrí, torí ọmọrí máa ń ṣèèṣì bọ́ sórí agolo mìíràn. Ara agolo ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ gíríìsì kúrò, kó gbẹ. Téèpù kì í lẹ̀ mọ́ gíríìsì. Tí ẹ bá ti fi máàkà kọ ọ́ tán, ẹ fi sẹ́lótéèpù bò ó, torí bẹntiróòlù àti tínà (omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà) máa ń pa á rẹ́.

Ẹ kọ ìwọ̀n mọ́ ọn: "Bóòtù M6, sípánà 10", "M8, sípánà 13" (M6 ni bóòtù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́fà; sípánà mìlímítà mẹ́wàá ló ń tú u).

Èyí tó ń dùn mí jù ni áásíìdì bátìrì nínú ike omi mímu. Ó jọ omi, ọmọ kékeré kò sì mọ̀wé kà, nítorí náà orúkọ nìkan kò tó. Inú ike tí wọ́n fi tà á ni kó wà, lókè, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́. Kẹrosíìnì àti bẹntiróòlù náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ike wọn jọra: ẹni tó bá ṣèèṣì bu bẹntiróòlù sí sítóòfù lè jóná.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn