Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ọmọdé tó ń fi fóònù ṣeré

Sí ọ̀gá àwọn kọ́sítọ́mà kíà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò ní tún bẹ̀rẹ̀ látorí bí áàpù yín ṣe bàjẹ́, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù yín, mo sì ti ṣàlàyé ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá gbé fóònù lọ́dọ̀ yín títí ó fi sú mi. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ yín sọ sí ẹ̀gbọ́n mi lórí ṣáàtì.

Ẹ̀gbọ́n mi ò lè sọ̀rọ̀, ọwọ́ wọn náà ò ṣiṣẹ́, orí ni wọ́n fi ń tẹ bọ́tìnnì méjì, tòsì ni dọ́ọ̀tì, tọ̀tún ni dáàṣì, Morse, ìyẹn kóòdù tó ń fi àmì kúkúrú (dọ́ọ̀tì) àti àmì gígùn (dáàṣì) kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n fi ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ, áàpù yín á sì kà á jáde. Ohùn wọn nìyẹn. Látìgbà tẹ́ ẹ ti ṣe àpídéètì yìí, áàpù ò dúró dè wọ́n mọ́. Àlàfo láàárín lẹ́tà méjì nínú Morse máa ń gùn tó dọ́ọ̀tì mẹ́ta, ti ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ tó méje, ṣùgbọ́n ọrùn tó ń gbọ̀n ò lè yára tó bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀ la ṣe máa ń fa àkókò ìdúró yẹn gùn ní séètìn, ẹ̀yin lẹ sì yọ séètìn ọ̀hún kúrò. Kí wọ́n tó tẹ dọ́ọ̀tì kejì, áàpù á ti gbà pé lẹ́tà ti parí. Dọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni E, dáàṣì kan ṣoṣo ni T, torí náà dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó yẹ kó jẹ́ S wá ń jáde ní E mẹ́ta, dáàṣì mẹ́ta tó yẹ kó jẹ́ O ń di T mẹ́ta.

Òun ni wọ́n ṣe kọ "ẹ jọ̀ọ́" sí òṣìṣẹ́ yín tó jẹ́ pé EETTTTTTTTT lòun rí. Wọ́n ti làágùn kí wọ́n tó kọ ọ́ tán o. Èsì tó fún wọn ni pé kí àgbàlagbà tó wà nílé gba fóònù lọ́wọ́ ọmọdé tó ń fi í ṣeré, ló bá ti ṣáàtì pa. Ẹni tó ti lé lógójì ọdún! Wọn ò kọ nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo pè yín. Ẹni tó gbé e ní orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà lórí àkáǹtì, àwọn fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní wọn ò lè sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n ṣáà sọ orúkọ wọn nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn kà, ẹ̀yin tó jẹ́ pé àwọn tí ò lè sọ̀rọ̀ lẹ̀ ń tajà fún.

Òmíràn tún ní ayé àtijọ́ ni Morse, kí wọ́n wá nǹkan ìgbàlódé lò. Ọdún 2018 ni Google gbé Morse sínú Gboard, ìyẹn kíbọ́ọ̀dù wọn tá a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, Tania Finlayson tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ ní cerebral palsy, àìlera tó ti inú ọpọlọ wá tí kì í jẹ́ kéèyàn lè darí ara ẹ̀ dáadáa, orí lòun náà fi ń tẹ Morse láti fi sọ̀rọ̀. Àwọn míì ń fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú páìpù tín-ín-rín fún dọ́ọ̀tì, wọ́n á fà á fún dáàṣì. Ṣé èmi ló yẹ kí n máa kọ́ òṣìṣẹ́ yín nírú èyí?

Ẹ ṣèlérí pé ẹnì kan á pè wá láàárín wákàtí 48. Ẹnikẹ́ni ò pè. Ímeèlì ló wọlé, ó ní ẹ ti yanjú ìṣòro wa, ẹ sì ti ẹjọ́ náà pa.

Ẹ dá séètìn yẹn padà, tàbí kẹ́ ẹ fún wọn ní áàpù ti tẹ́lẹ̀. Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn o, kì í ṣe lọ́wọ́ mi. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí mi ò rí nǹkan kan, ẹ máa dá gbogbo owó wọn padà, màá gbé ọ̀rọ̀ yín lọ bá àjọ tó ń gbèjà oníbàárà àti lọ́yà, màá sì fi àwòrán ṣáàtì yẹn han gbogbo ẹgbẹ́ aláàbọ̀ ara tí mo bá mọ̀, mi ò sì ní bo orúkọ iléeṣẹ́ yín.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn, kẹ́ ẹ sì dúró kí wọ́n kọ èsì wọn tán.

Èmi ni,
Àbúrò oníbàárà yín